Gígùn Okùn Kọ́ Ni Gígùn Ẹ̀yìn: Aránbáàgì Òkè-Ajé Ń Dá Yín Lóhùn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ báàgì àgbékọ́yìn ló pọ̀ jù. Mo mú mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ wọn tan mọ́ra. Ti àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí òun ni gbòǹgbò àwọn yòókù.

*Bàbá Aránbáàgì, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìkẹ́nnẹ́ ni mo wà, báàgì ìléwé ni mo ń rán. Oníbàárà mi kan bí ọmọ mẹ́ta: ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú, àbíkẹ́yìn ṣì ń dàgbà. Ó ní kí n rán báàgì tí wọ́n á lè máa jogún lọ́wọ́ ara wọn, tí yóò sì bá ẹ̀yìn kálukú mu. Mo fi okùn gígùn sí i, mo ní kí wọ́n máa fà á bó bá ṣe wù wọ́n. Ṣùgbọ́n bí èyí tó kéré bá gbé e, ìdí ló ń gbá a. Bí èyí tó ga bá gbé e, ó ń há a lábíyá. Báwo ni mo ṣe máa rán an tí ẹ̀yìn báàgì fúnra rẹ̀ á fi lè gùn, tí á sì tún lè kúrú?* — Aránbáàgì, Ìkẹ́nnẹ́

O káre, ọmọ mi. Ohun tí o béèrè yìí ń dun ọ̀pọ̀ ọmọ léjìká, ìyá wọn ò sì mọ̀. Okùn tí o fà gùn kò sọ ẹ̀yìn báàgì di gígùn, ńṣe ló kàn jẹ́ kí báàgì wálẹ̀. Ibi tí a ti rán okùn èjìká mọ́ ara báàgì ló yẹ kó máa lọ sókè, kó máa bọ̀ nísàlẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ náà wà níbẹ̀.

Ibi méjì ni báàgì lè gbé ẹrù lé lára ènìyàn: èjìká àti egungun ìbàdí. Egungun ìbàdí lágbára, ẹsẹ̀ ló gbé e ró tààrà. Èjìká ò rí bẹ́ẹ̀, iṣan ọrùn àti ti ẹ̀yìn ló ń bá a fà á, ìdí nìyẹn tí ọrùn fi ń ro ọmọ tó ti ilé ìwé dé. Nínú báàgì ńlá tí àwọn tó ń gun òkè ń gbé, ìbàdí ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù, èjìká wá ń di báàgì mú kó má baà fà sẹ́yìn. Kí bẹ́líìtì tó lè jókòó sórí egungun ìbàdí, kí okùn sì fara mọ́ èjìká, àlàfo tó wà láàárín méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ẹ̀yìn ẹni tó gbé e. Bó bá kúrú ju ẹ̀yìn lọ, bẹ́líìtì á gun orí ikùn, gbogbo ẹrù á wá di ti èjìká. Bó bá gùn jù, okùn á fò lórí èjìká, tàbí kí bẹ́líìtì já sí ìdí.

Nílùú wa níbí, bí Ojúde Ọba bá ń bọ̀, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan lè ra aṣọ kan náà fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, síbẹ̀ kò sí télọ̀ tó máa fi ìwọ̀n ẹnì kan gé ti gbogbo wọn. Báàgì wá ń kọ́? Òun tó ń gbé ẹrù lé ọmọ lẹ́yìn láàárọ̀ lálẹ́, à ń gé e lọ́pọ̀lọpọ̀ láìwọn ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Ó ń dùn mí gan-an.

Nítorí náà, kí o tó mú sísọ́ọ̀sì, pe àwọn ọmọ náà wá. Ní kí ọmọ tẹrí ba, kí àgbọ̀n rẹ̀ sún mọ́ àyà. Egungun kan á yọ gọngọ níbi tí ọrùn ti pàdé èjìká lẹ́yìn. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i lára aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí, kí àtàǹpàkò kọjú sẹ́yìn, kí ìka yòókù wà níwájú, kó wá máa tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ á fi bá orí egungun. Fa ìlà láti àtàǹpàkò kan dé ìkejì. Láti egungun ọrùn dé orí ìlà yìí ni gígùn ẹ̀yìn ọmọ yẹn. Jẹ́ kí téèpù bá ẹ̀yìn tẹ̀ níbi tó bá ti tẹ̀, má nà án gbọnrangandan. Ìwọ ni kí o wọ̀n ọ́n, má jẹ́ kí ọmọ wọn ara rẹ̀, torí bó bá ti yíjú wo téèpù, ẹ̀yìn rẹ̀ ti yí padà.

Má sì jẹ́ kí gíga tàn ọ́ jẹ. Ọmọ mìíràn ga nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ lè má ju ti àbúrò rẹ̀ lọ. Mo máa ń rí i láàárín àwọn àgbà pàápàá.

Ká ní ẹ̀yìn tó kúrú jù jẹ́ íǹṣì 13, èyí tó gùn jù sì jẹ́ 17. Fi íǹṣì kan kún ti òkè nítorí pé ọmọ ṣì ń dàgbà, ó di 18. Wàyí o, ìdí okùn, ìyẹn ibi tí okùn èjìká ti kan báàgì lókè, kì í wà ní ojú egungun ọrùn gan-an. Okùn máa ń yí orí èjìká ká kó tó bọ́ sẹ́yìn, torí náà nǹkan bí íǹṣì 2 nísàlẹ̀ egungun yẹn ni ká fi ìdí rẹ̀ sí. Ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 13, ìdí okùn tirẹ̀ á wà ní íǹṣì 11 sókè láti àárín bẹ́líìtì ìbàdí. Ti ẹni tó jẹ́ 18 á wà ní 16. Láti 11 dé 16, ibẹ̀ ni okùn rẹ á ti máa rìn.

Àkàbà ni mo máa ń rán síbẹ̀. Mú okùn pẹlẹbẹ tí a fi ń ṣe ọwọ́ báàgì, èyí tó fẹ̀ ní mílímítà 20, gé e sí ègé mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó íǹṣì mẹ́fà. Tò wọ́n ní ìdábùú sí àárín ẹ̀yìn báàgì, ọ̀kan lórí 11, ọ̀kan lórí 12, títí dé 16. Rán òpin ọ̀tún, rán òpin òsì, kí o sì rán àárín, gbogbo rẹ̀ ní ìdúró. Má fà á le nígbà tí o bá ń rán an. Jẹ́ kó ga díẹ̀ tí okùn pẹlẹbẹ míì á fi lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìjà. Ojú méjì ni ìdábùú kọ̀ọ̀kan á ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì.

Okùn èjìká méjèèjì kò gbọdọ̀ kan ara báàgì lókè mọ́. Rán orí wọn pọ̀ mọ́ ègé kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, aṣọ líle ní iwájú àti ẹ̀yìn, pílásítíìkì pẹlẹbẹ láàárín. Sí ìsàlẹ̀ ègé yìí, rán ìrù méjì mọ́ ọn, okùn pẹlẹbẹ oníǹṣì kan ni kí o lò. Ìrù kọ̀ọ̀kan á sọ̀ kalẹ̀ gba abẹ́ ìdábùú, á yọ nísàlẹ̀, á wá padà gòkè lọ sínú bọ́kù olójú méjì, irú èyí tí wọ́n fi ń fa okùn báàgì gùn, tí o ti rán mọ́ ara ègé náà. Bí ọmọ bá dàgbà, ìyá rẹ̀ á tú ìrù méjèèjì, á gbé e bọ ìdábùú tó tẹ̀ lé e lókè, ó parí. Ìsàlẹ̀ okùn èjìká ní tirẹ̀ dúró sí igun ìsàlẹ̀ báàgì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó sì ṣì ń gùn ó ń kúrú.

Kíyè sí ibi tí ìyà á ti máa jẹ òwú. Bí ọmọ bá ti gbé báàgì kọ́, ẹrù ń fà wálẹ̀, ègé náà ń fa ìdábùú sókè. Ìrán ìdúró mẹ́ta yẹn ló ń gba gbogbo rẹ̀. Lọ síwá sẹ́yìn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan dáadáa, kí o sì fi aṣọ kejì tẹ́ ẹ̀yìn báàgì lábẹ́ kó má baà ya. Níbi tí ìrù ti kan ègé, rán igun mẹ́rin, kí o wá fa ìlà méjì tó kọjá lórí ara wọn sáàárín. Òwú náílọ́ọ̀nù ni o. Òwú kọ́tìnnì tí télọ̀ ń lò máa ń jẹrà bí òógùn àti òjò bá ń bá a lójoojúmọ́. Orí ẹ̀rọ Butterfly tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa lè rán an: fi abẹ́rẹ́ 18 sí i, níbi tó bá sì ti nípọn jù, fi ọwọ́ yí táyà rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn aránbáàgì máa ń fò. Ẹ̀yìn báàgì gbọ́dọ̀ le, láti bẹ́líìtì dé òkè. Bí ẹ̀yìn bá rọ̀, báàgì á ká lójú ibi tí àkàbà wà, ìwọ̀n tí o wọ̀n á sì di asán. Fún ọmọ ìléwé, ojú pẹlẹbẹ kẹ́ẹ̀gì òróró ti tó: gé e, yí igun rẹ̀ po kó má gún aṣọ, kí o ṣe àpò fún un nínú ẹ̀yìn báàgì, kó dúró gírígírí sínú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé kẹ́míkà rí, má fọwọ́ kàn án. Fún àgbà tó ń gbé ẹrù wíwúwo, ó yẹ kí o fi alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ kún un, èyí tó fẹ̀ ní íǹṣì kan, tó nípọn ní mílímítà 3. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ni mo ti ń ra àjẹkù wọn. Orókún ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ kó bá ẹ̀yìn ènìyàn lọ, mo sì máa ń rí i pé ìdí rẹ̀ jókòó sínú bẹ́líìtì gan-an. Bí ìdí irin bá rọ̀ sókè bẹ́líìtì, ẹrù ò ní dé ìbàdí láéláé.

Fóòmù wá ń kọ́? Má lo ti bẹ́ẹ̀dì. Fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wàá rí i pé ó tẹ́ pátápátá. Ra èyí tí àwọn aránbàtà fi ń ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì, kí o sì rán ègé méjì, ọ̀kan sí ọ̀tún àkàbà, ọ̀kan sí òsì. Àkàbà á wá wà ní kòtò àárín, bọ́kù ò ní gún ọmọ lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ á sì máa ráyè kọjá.

Bá mi sọ èyí fún ìyá àwọn ọmọ náà. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní kí ẹrù báàgì ọmọ má kọjá ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀. Ọmọ tó wọn kílò 35, kílò 3.5 sí 7 nìyẹn, èyí tó kéré yẹn sì ni èmi fara mọ́. Kó máa yẹ báàgì wò lálẹ́, kó yọ ìwé tí wọn ò ní lò lọ́jọ́ kejì kúrò. Báàgì tó bá ẹ̀yìn mu ò ní kí ẹrù má wúwo.

*Ẹ kú iṣẹ́, sà. Oko ni iṣẹ́ mi, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn kiri oko kòkó àti obì lápá Ìjẹ̀bú-Igbó, tí mo ń bu iyẹ̀pẹ̀ wá fún àyẹ̀wò. Mo ra báàgì òkìríkà ńlá kan ní Sábó, Ṣàgámù. Okùn tó wà lára rẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi. Okùn kékeré méjì wà lókè èjìká, ọ̀kan wà láyà, bẹ́líìtì fífẹ̀ wà nísàlẹ̀, ègé kan sì wà lẹ́yìn tó ń yọ̀ lọ sókè yọ̀ wá sísàlẹ̀. Kí ni iṣẹ́ kálukú wọn, kí ni mo sì máa kọ́kọ́ dì?* — Alábẹ̀wò oko, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọ̀gá mi, ẹ ti ra ohun tó dára. Àwọn okùn yẹn, ọpọlọ àwọn ènìyàn tó gbé ẹrù títí tó fi sú wọn ló bí wọn. Ní 1952, Dick Kelty ní Kalifóníà bẹ̀rẹ̀ sí í ta báàgì tó fi alumíníọ̀mù ṣe egungun rẹ̀, tó sì ní bẹ́líìtì tó ń gbé ẹrù lé ìbàdí. Ní 1967, Greg Lowe gbé irin náà wọ inú báàgì, ó sì mú kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé fà gùn. Okùn àyà àti okùn kékeré òkè èjìká tí ẹ ń wò yẹn wà lára báàgì tó ṣe nígbà náà.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Bí inú bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tó sì ń ṣí wẹ́wẹ́, ooru àti ọ̀rinrin ti ba ohun tí kì í jẹ́ kí omi wọlé jẹ́. Ẹrù ò ní já nítorí ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ máa fi náílọ́ọ̀nù we iyẹ̀pẹ̀ yín. Ẹ tẹ bọ́kù kọ̀ọ̀kan wò bóyá oòrùn ti sọ ọ́ di gbígbẹ. Ìyẹn ṣeé pààrọ̀.

Ẹ wá kó nǹkan bíi kílò mẹ́fà sí i, torí ẹ ò lè fi báàgì òfìfo mọ bó ṣe máa jókòó. Ẹ tú gbogbo okùn, kó dẹ̀. Ẹ gbé e kọ́. Bẹ́líìtì ni ẹ máa kọ́kọ́ dì. Kí àárín fífẹ̀ rẹ̀ wà lórí egungun ìbàdí gẹ́lẹ́, kó gbá egungun náà mú lókè àti nísàlẹ̀. Tí ẹ bá ti dì í, ẹrù á ti kúrò léjìká pátá, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa fa okùn èjìká wálẹ̀, kó kàn fara mọ́ èjìká.

Ẹ pe ẹnì kan kó wò yín látẹ̀gbẹ́. Bó bá rí àlàfo láàárín okùn àti orí èjìká yín, ẹ̀yìn báàgì gùn jù fún yín: ẹ bọ́ ọ sílẹ̀, kí ẹ fa ègé ẹ̀yìn yẹn wálẹ̀ díẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé bí ẹ ti ń fa okùn èjìká ni bẹ́líìtì ń gun ikùn, ó kúrú jù: ẹ gbé ègé náà sókè. Ẹ ṣe é títí okùn á fi lẹ̀ mọ́ èjìká yí ká, tí ìdí rẹ̀ á sì wà láàárín pẹpẹ èjìká méjèèjì. Báàgì àgbà irú èyí sábà máa ń kárí ẹ̀yìn láti íǹṣì 15 sí 21. Ẹ wọn ẹ̀yìn yín bí mo ṣe ṣàlàyé lókè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kò ní pẹ́ yín.

Okùn kékeré méjì tó wà lókè, iṣẹ́ wọn ni kí orí báàgì má fà yín sẹ́yìn. Láti orí èjìká, ó yẹ kí wọ́n dagun lọ sókè sí ara báàgì, bí ìdajì igun ilé, nǹkan bíi dígírì 45. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, ègé ẹ̀yìn yín ti ga jù. Ẹ fà wọ́n díẹ̀. Ẹ má fà wọ́n títí okùn á fi ká kúrò léjìká. Okùn àyà kàn wà kí okùn èjìká má baà yọ̀ sápá. Bí ẹ kò bá lè mí kanlẹ̀, ẹ ti dì í jù.

Iyẹ̀pẹ̀ wúwo, ọ̀gá mi. Ẹ má kó o sí àpò ìta, ẹ má sì kó o sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Kí ó fara ti ẹ̀yìn yín, láàárín, kí aṣọ òjò àti oúnjẹ wà lábẹ́ rẹ̀ àti níta. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ilẹ̀ ń yọ̀, ẹ túbọ̀ fa okùn kékeré òkè yẹn kí báàgì má mì. Bí ọ̀nà bá tẹ́jú, tí ìrìn náà sì jìn, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ìbàdí gbé e.

*Bàbá, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àgọ́-Ìwòyè, mo sì ń rán báàgì tà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Velcro, ìdè alápá méjì tó ń lẹ̀ mọ́ra yẹn, ni mo fi ṣe ẹ̀yìn tó ń gùn tó ń kúrú. Ó kọ́kọ́ dára, ṣùgbọ́n ní báyìí ó ń yọ tí ẹrù bá pọ̀. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?* — Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi, ṣùgbọ́n bí o ṣe rán an ni màá kọ́kọ́ wò. George de Mestral, ará Switzerland, ló ṣe Velcro lẹ́yìn tó rí irú èèmọ́ ilẹ̀ wọn tó lẹ̀ mọ́ irun ajá rẹ̀, ó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1955. Agbára rẹ̀ wà nígbà tí ojú méjèèjì bá ń wọ́ lórí ara wọn. Bí o bá fẹ́ ṣí i láti etí, ọmọdé lè ṣí i. Nítorí náà, bí o bá rán an sí ojú ẹ̀yìn báàgì gbangba, ẹrù á máa ṣí i láti òkè bí ẹni ń ṣí ìwé.

Ṣe àpò tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn báàgì, tí òkè rẹ̀ là. Tẹ́ apá onírun sí ojú méjèèjì inú àpò náà. Rán apá líle, èyí tó ní ìkọ́ wẹ́wẹ́, sí iwájú àti ẹ̀yìn ègé tó gbé okùn èjìká, kí o wá ki ègé náà bọ inú àpò. Ojú méjèèjì á di mú, ẹrù ò ní rí etí tó máa ṣí, ìkọ́ kò sì ní máa fa aṣọ ẹni tó gbé e. Jẹ́ kí ibi tí wọ́n ti pàdé fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, kó sì gùn tó íǹṣì mẹ́fà nígbà tí ègé bá wà ní ibi tó ga jù. Lẹ́yìn ìyẹn, fi okùn pẹlẹbẹ kan àti bọ́kù so ìdí ègé mọ́ ìsàlẹ̀ báàgì, tí Velcro bá tiẹ̀ yọ, okùn á dì í mú.

Bí o bá fẹ́ yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, má fi agbára fà á yọ. Ti rúlà pẹlẹbẹ kan bọ àárín ìkọ́ àti irun ní iwájú, ti òmíràn bọ ti ẹ̀yìn, ègé á máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ wẹ́rẹ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ nísinsìnyí, yẹ ìkọ́ rẹ̀ wò nínú oòrùn. Bí òwú àti irun orí ló kún inú rẹ̀, fi abẹ́rẹ́ yọ wọ́n, kí o fi búrọ́ọ̀ṣì eyín gbá a, yóò tún mú. Bí ìkọ́ fúnra wọn bá ti nà, tú u dànù kí o rán tuntun.